Ọdẹ́rìnlọ Lọ sí Ìlú Onídà Nítorí Ìwé Ẹjọ́

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ará Òkè-Ìyẹ̀yẹ́. Òjò ti lé gbogbo yín kúrò lóko, àga kò sì tó. Ẹni tí kò bá rí àga kó jókòó lé ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu, kó tètè máa lọ sílé rẹ̀, òjò náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n méjì kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, n kò ní sọ ìtàn ara mi lónìí. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìtàn ọdẹ tó jù mí lọ ni mo fẹ́ sọ, ẹ sì mọ̀ pé kì í rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni. Ọdẹ́rìnlọ ni wọ́n ń pè é.

N kò ní fi nǹkan kan pamọ́ fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i rèé. Àṣà ọdẹ ìlú wa ni pé bí ọdẹ bá ń ti igbó bọ̀, kó tó dé àgbàlá rẹ̀, yóò ti tú ẹ̀tù inú ìbọn rẹ̀ dànù. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ọdẹ́rìnlọ ru ìgalà wọlé, èjìká ń dùn ún, ebi ń pa á, ìyàwó rẹ̀ Àyọ̀ká sì ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé kó yára, iyán ń tutù. Ó gbé ìbọn kọ́ ara ògiri tòun ti ẹ̀tù inú rẹ̀. Ó ní bí òun bá jẹun tán, òun á tú u. Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́fà, gun orí àpótí, ó ń fi ìbọn bàbá rẹ̀ ṣeré. Ìbọn dún. Àyọ̀ká ló ń gbé àwo ọbẹ̀ bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò tilẹ̀ ké. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì kú.

Ọdẹ́rìnlọ sáré gbé ìbọn náà nílẹ̀. Ọmọ ti sá wọ abẹ́ ibùsùn. Bí àwọn aládùúgbò ṣe ya dé, òun ni wọ́n bá pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, òkú ìyàwó rẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó di kóòtù. Ó bẹ adájọ́ kó lé gbogbo èèyàn jáde, ó sọ òótọ́ fún un, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó tẹ̀ka sí i. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo lòun ní: kí ọmọ náà má ṣe gbọ́ láé pé ọwọ́ rẹ̀ ló pa ìyá rẹ̀. Omi bọ́ lójú adájọ́. Ó yọ́ ìda pupa sórí ìwé náà, ó fi òǹtẹ̀ kóòtù tẹ̀ ẹ́, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i fún ọgbọ̀n ọdún. Ó dá Ọdẹ́rìnlọ sílẹ̀.

Àwọn èèyàn ìlú ńkọ́? Ohun tí wọ́n rí ni pé ọkùnrin kan pa ìyàwó rẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́rí, ó sì jáde láìsí ìyà. Wọ́n ní bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kí ló dé tí wọ́n fi èdìdì di ọ̀rọ̀ rẹ̀? Àbúrò Àyọ̀ká wá gbé ọmọ lọ, ó ní bí Ọdẹ́rìnlọ bá fẹsẹ̀ kan ilé òun, òun á da omi gbígbóná sí i lára. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò dárúkọ ọjọ́ yẹn, gbogbo ayé sì gbà pé ó ti gbàgbé.

Ọdẹ́rìnlọ kó lọ sí ahéré rẹ̀ létí odò Akùdá. Bó bá wá ta ẹran lọ́jà, wọ́n á ra ẹran rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Bó bá kí èèyàn, èèyàn á ti kọjá. Ó di pé ó máa ń kí ara rẹ̀ láàárọ̀. Á ní, "Ọdẹ́rìnlọ, ṣé o jí dáadáa?" Á sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Mo jí, a dúpẹ́." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá tún rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, màá dákẹ́ o.

Ọdún ń yí lu ọdún. Ní ọjọ́ kan ni Láníhùn, akọ̀wé kóòtù, wá bá a ní ahéré. Láníhùn nìkan ló máa ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ ìjọba.

Ó ní, "Bàbá, òfin ní kí n sọ fún yín. Ọgbọ̀n ọdún èdìdì yín pé ní ọjọ́ mẹ́tàdínlógún òní. Mọrẹ́nikẹ́ ti wá sí kóòtù. Ó ní bó bá ti pé, kí wọ́n ṣí ìwé náà fún òun."

Ọdẹ́rìnlọ dìde dúró. Ó ní, "Ó fẹ́ kí ni?"

"Ó fẹ́ ka ohun tó wà nínú rẹ̀, sà. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọmọ olóògbé ni."

"Láníhùn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, ẹ tún un dì."

"Adájọ́ tó dì í ti kú, Bàbá. Kò sì sí lágbára adájọ́ mìíràn. Ìda tí wọ́n fi dì í kì í ṣe ìda oyin tiwa yìí. Ọ̀dọ̀ Ìyá Onídà ni wọ́n ti gbà á láyé àtijọ́, ní Ìlú Onídà, lẹ́yìn Igbó Àìdáhùn. Òun nìkan ló lè fi ọdún kún un. Ẹnikẹ́ni kò sì lọ síbẹ̀ rí kó tètè padà."

Ọdẹ́rìnlọ di gaàrí, ó di ẹ̀tù, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó wẹ̀yìn láti wá ẹni tí yóò dágbére fún. Kò rí ẹnì kankan, ó bá dágbére fún àdògán rẹ̀, ó sì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ igbó, ẹ mọ̀ pé igbó kì í panu mọ́. Bí ẹyẹ kò bá ké, kòkòrò á ké, bí kòkòrò bá dákẹ́, ewé á máa dún. Igbó Àìdáhùn dákẹ́. Ọdẹ́rìnlọ gbẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ kò dún. Ó pàtẹ́wọ́, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wúkọ́, ó mọ̀ pé òun wúkọ́ nítorí pé àyà rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ikọ́ náà kò jáde sí gbangba. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti wọ igbó méje tí ọdẹ mìíràn kò wọ̀ rí, ìdajì ọjọ́ ni mo lè lò nínú èyí kí orí mi tó dàrú. Ọdẹ́rìnlọ lo ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ rò pé ẹ̀rù bà á? Ẹ̀rù kò bà á. Ó ní ṣe ló dà bí ìgbà tí òun wà nílé.

Ní ọjọ́ kẹta ló gbọ́ ohùn kan ṣoṣo, ohùn obìnrin, lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohùn náà ní, "Bàbá Mọrẹ́nikẹ́!"

Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ohùn náà tún pè é, ó fà á gùn bí ìyàwó ṣe ń pe ọkọ rẹ̀ wá jẹun. Ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ́ ẹ, igbó á gba ohùn òun, òun á sì dúró síbẹ̀ títí ayé. Ó gé ètè rẹ̀ jẹ, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ó ń sunkún, ó ń lọ. Ohùn náà tẹ̀ lé e títí dé etí igbó, ó ń pè é, kò jẹ́. Nígbà tó jáde tí ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó jókòó sílẹ̀, ó wá dá ohùn náà lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Mò ń bọ̀."

Níwájú rẹ̀ ni odi ìlú kan wà, iwin kan sì dúró lẹ́nu ibodè rẹ̀. Wọ́n ti fi ìda pupa dí iwin náà lẹ́nu pátápátá, òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ gbàgàdà. Ó gbé apá sókè, abíyá rẹ̀ la, ibẹ̀ ló gbà sọ̀rọ̀. Èèmọ̀ rèé! Ó ní, "Ọdẹ, dúró. Ìbéèrè mẹ́ta ni. Kí ni à ń dì tí kò lókùn?"

Ọdẹ́rìnlọ ní, "Àdéhùn."

"Kí ni à ń ṣí tí kò ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ẹnu. Bí tìẹ kò tilẹ̀ ṣeé ṣí."

Iwin náà rẹ́rìn-ín, abíyá rẹ̀ ń mì. Ó ní, "Ta ló ń bá ọ jẹun nílé?"

Ọdẹ́rìnlọ ronú, ronú. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Kò sẹ́nì kan."

Iwin sọ apá rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Èyí kì í ṣe àlọ́. Mo kàn béèrè ni. Máa wọlé."

Ìlú Àdéhùn ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Àwọn ará ìlú náà kì í ṣe ohunkóhun láìkọ ìwé. Ọdẹ́rìnlọ tọrọ omi, obìnrin iwin kan ní kó dúró, ó kọ ìwé pé òun tí òun fúnni lómi kò ní gbà á padà, pé ẹni tó mu ún kò sì ní sọ pé kò tutù. Wọ́n yọ́ ìda, wọ́n tẹ òǹtẹ̀, omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Ó rí bàbá arúgbó kan tó ń dẹ́rìn-ín pa ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín ẹ̀ẹ̀mẹta, ó pa ẹnu dé, ó ní ẹ̀rín ti òní ti tán, mẹ́ta ló wà nínú ìwé. Gbogbo wọn ló gbé ìwé kọ́rùn, bí wọ́n ṣe ń rìn ni èdìdì ń gbára lu ara wọn.

Wọ́n ṣàánú rẹ̀ o. Baálẹ̀ wọn pè é, ó tẹ́ ìwé kan síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ, a ti gbọ́ pé wọn kì í kí ọ nílùú rẹ. Dúró tì wá. Ohun tó wà nínú ìwé yìí ni pé gbogbo ará ìlú yìí, ọmọdé àti àgbà, yóò máa kí ọ láràárọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, wọn yóò máa béèrè àlàáfíà rẹ, wọn yóò dúró gbọ́ èsì. Tẹ̀ka síbí."

Ẹ̀yin, ẹ ò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ jí láàárọ̀ yìí, ó kéré tán èèyàn mẹ́wàá ti kí yín, ẹ sì ń ráhùn pé ariwo wọn pọ̀. Ọdẹ́rìnlọ ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà. Ó gbé e sórí ìwé, ó kù díẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́. Ó wá bi Baálẹ̀ pé, "Bó bá di ọjọ́ kan tí kò wù yín láti kí mi ńkọ́?"

Baálẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Wíwù kò sí nínú ìwé."

Ọdẹ́rìnlọ nu àtàǹpàkò rẹ̀ sí ṣòkòtò. Ó rántí pé ọmọ òun wà nílé, pé ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kí wọ́n ṣí ìwé òun fún un, ó bá dìde. Baálẹ̀ bínú, nítorí kò sí ìwé kankan tó sọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí àlejò lọ. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn bí wọn yóò ṣe kọ ọ́ ló gbà jáde.

Lẹ́yìn ìlú yẹn ló pàdé Ajẹ̀wé. Mo fẹ́ kí ẹ mú ọkàn yín le. Ikán ni Ajẹ̀wé, ṣùgbọ́n ó ga ju igi àràbà lọ, ara rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ kò lóǹkà. Gbogbo ìwé ẹjọ́ tí ikán bá jẹ láyé, inú rẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ọdẹ́rìnlọ yìnbọn fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ọta mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo ẹnu sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu kan ní, "Olùpẹjọ́ sọ pé ewúrẹ́ náà wọ inú oko òun." Ẹnu kejì ní, "Mo bi í léèrè ìyàwó mi, ó ní òun kò rí i." Ẹnu kẹta ń sunkún, ó ní, "Èmi kọ́ o, Olúwa mi, ẹ gbà mí gbọ́, èmi kọ́."

Ajẹ̀wé tẹ orí ba, ó dé iwájú Ọdẹ́rìnlọ, ó ní, "Mo ní wọn nínú, wọn kò jẹ́ kí n sinmi. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ wọn parí rí. Ọdẹ tó bá wá á yìnbọn, màá sì jẹ ẹ́. Ìwọ náà á tún yìnbọn ni?"

Ọdẹ́rìnlọ gbé ìbọn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni, màá ti yin ìkẹta, màá sì ti di oúnjẹ. Ó jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ní, "Máa sọ. Mò ń gbọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbọ́ ẹjọ́. Ó gbọ́ ti ewúrẹ́, ti ilẹ̀, ti obìnrin tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ olè bà jẹ́ tó sì kú kí ìdájọ́ tó dé. Bí ẹnu kan bá sọ tirẹ̀ tán, á pa dé. Ọdẹ́rìnlọ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ó kàn ń wí pé, "Ó mà ṣe o," tàbí "Mo gbọ́ ọ." Nígbà tí ẹnu ìkẹyìn pa dé, Ajẹ̀wé sùn lọ fọnfọn, ó ń hanrun, Ọdẹ́rìnlọ sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ó ṣe òun bíi kí òun dúró kó jí, kí òun náà sọ tòun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti ń lọ.

Ìlú Onídà wà láàárín igbó níwájú, ilé kan ṣoṣo sì ni: ilé Ìyá Onídà, tí kò ní fèrèsé. Ìwé kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà, ìda pupa lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Obìnrin arúgbó náà jókòó láàárín wọn, ó ń po ìda nínú agbada kékeré, ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgbọ̀nwọ́.

Ọdẹ́rìnlọ dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Mo mọ èyí tí o bá wá." Ó nawọ́ fa ìwé kan yọ. Ìda orí rẹ̀ ti ń sán. "Ìwé tó wà ní kóòtù yín àti èyí, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí mo bá ṣe sí èyí ti ṣe sí ìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí n tún un dì?"

"Ohun tí mo bá wá nìyẹn, Ìyá. Kí ọmọ mi má kà á. Mo bẹ̀ yín."

"Ó ti yé mi. Àmọ́ èdìdì tuntun ní àdéhùn tuntun." Ó kọ ìwé kan, ó gùn tó apá. "O mọ̀wé?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Nígbà náà, mo gbọ́dọ̀ kà á sí ọ létí, kí n sì túmọ̀ rẹ̀ kí o tó tẹ̀ka. Bí òfin ṣe wí nìyẹn, nílùú yín àti níhìn-ín." Ó gbé ìwé sókè, ó bẹ̀rẹ̀: "Ní ti ọ̀rọ̀ ikú obìnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́..."

Ọdẹ́rìnlọ fò dìde, ó na ọwọ́ bo ìwé náà. Ó ní, "Ìyá, ẹ dákun! Ẹ má pè é!"

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọdẹ ìlú wa kì í pe orúkọ òkú nínú igbó, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n pè é níwájú òun. Bí o bá pe òkú nínú igbó, á gbọ́, á dìde, á máa wá ẹni tó pè é, kò sì ní rí ọ̀nà padà mọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn látìgbà tí a ti ń ru àpò tẹ̀ lé ọ̀gá. Ọdẹ́rìnlọ rò ó pé Àyọ̀ká á dìde, á máa ṣáko nínú igbó yìí ní òun nìkan, bí òun náà ṣe wà ní òun nìkan. Kò lè fara dà á.

Ìyá Onídà ní, "Ọdẹ, orúkọ náà wà ní ìlà mẹ́tàlá nínú ìwé yìí. N kò lè kà á láìpè é."

"Ẹ má kà á, Ìyá. Mo gbà. Ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀, mo gbà."

"Kò dára kí èèyàn tẹ̀ka sí ohun tí kò gbọ́."

"Ṣé ọmọ mi kò ní mọ̀?"

"Ẹnikẹ́ni kò ní tipa ìwé yìí mọ̀ níwọ̀n ìgbà tí o bá wà láyé."

"Ẹ mú tàdáwà wá."

Ìyá Onídà mí kanlẹ̀. Ó gbé tàdáwà fún un, Ọdẹ́rìnlọ tẹ̀ka. Ìda gbígbóná dà sórí ìwé, ó dún ṣọ̀ọ́, èéfín rẹ̀ gba ẹnu Ọdẹ́rìnlọ wọlé, ó kọ́ ọ lọ́fun díẹ̀. Kò fi ṣe nǹkan kan. Ó dúpẹ́, dúpẹ́, ó sì kọrí sílé. Kò bá ìdààmú kankan pàdé lójú ọ̀nà. Ajẹ̀wé ṣì ń sùn.

Ọjọ́ tí ọgbọ̀n ọdún pé gan-an ló dé. Ní kóòtù, adájọ́ tuntun gbé ìwé náà síwájú Mọrẹ́nikẹ́, ó fi ọ̀bẹ sí ìda, ọ̀bẹ tẹ̀. Wọ́n mú òmíràn wá, ó kán. Wọ́n fi iná sí i, ìda kò yọ́. Adájọ́ ní ohun tó kọjá agbára òun nìyẹn. Mọrẹ́nikẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wé gèlè rẹ̀ le, ó gba ọ̀nà odò Akùdá lọ.

Ọdẹ́rìnlọ ń ṣán koríko níwájú ahéré nígbà tó rí obìnrin kan tó ń bọ̀. Ọjọ́ ọjà ló máa ń rí i lókèèrè, ó mọ ìrìn rẹ̀. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, Bàbá."

Ó jókòó sórí ìtì igi. Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà yẹn, n kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Mo rántí àpótí tí mo gùn. Mo rántí bí ìbọn yẹn ṣe ta mí sẹ́yìn. Mo rántí ọbẹ̀ tó dà sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń rántí rẹ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ fún ọkọ mi."

Ọdẹ́rìnlọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ:

"Nígbà tí ẹ fi mí sílẹ̀ fún àǹtí mi, mo ní ẹ kò lè wo ojú mi mọ́ ni. Mo ní ẹ kórìíra mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ ka ìwé yẹn nìyẹn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ sọ fún adájọ́ pé ẹ̀bi mi ni. Wọn ò rí i ṣí. Kò burú, ẹ̀yin wà láàyè. Ẹ sọ ọ́ fún mi fúnra yín. Ẹ̀bi mi ni àbí ẹ̀bi mi kọ́?"

Ọdẹ́rìnlọ la ẹnu láti sọ pé, "Ẹ̀bi rẹ kọ́, ọmọ mi. Èmi ni mo fi ẹ̀tù sílẹ̀ nínú ìbọn." Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀, ó dúró. Ahọ́n rẹ̀ wúwo, ó gan mọ́ àjà ẹnu rẹ̀. Ó fẹ́ mirí, ọrùn rẹ̀ le gbandi. Ó fẹ́ na ọwọ́ sí àyà ara rẹ̀, pé èmi ni, èmi ni, ọwọ́ kò gbéra. Ibẹ̀ ló ti yé e irú ohun tó tẹ̀ka sí: èdìdì náà ti di ẹnu òun pọ̀ mọ́ ìwé náà. Òógùn bò ó, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó tiraka, ó tiraka. Ohun tó jáde ni, "Ṣé o ti jẹun?"

Mọrẹ́nikẹ́ wò ó. Ó dúró títí òjìji igi fi sún kúrò lórí wọn. Ó tún bi í, Ọdẹ́rìnlọ sì tún ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Mọrẹ́nikẹ́ ní, "Rárá, Bàbá. N kò tíì jẹun."

Ọdẹ́rìnlọ dáná, wọ́n jẹun. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, Mọrẹ́nikẹ́ máa ń wá. Ọdẹ́rìnlọ lè ròyìn ìrìn àjò rẹ̀ fún un, ti Ajẹ̀wé, ti iwin tó ń fi abíyá sọ̀rọ̀, ó sì máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, Mọrẹ́nikẹ́ á bi í ní ìbéèrè kan náà, Ọdẹ́rìnlọ á bá ahọ́n rẹ̀ jìjàkadì, á sì béèrè bóyá ó ti jẹun. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Mọrẹ́nikẹ́ máa ń lọ sílé láìgbọ́ èsì. Mo mọ èyí, nítorí Mọrẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún mi.

Ọdẹ́rìnlọ kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Èèyàn mẹ́rin ló sin ín: Mọrẹ́nikẹ́, ọkọ rẹ̀, Láníhùn, àti ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, Láníhùn ṣí àpótí ìwé ní kóòtù, ó rí i pé ìda pupa ti yọ́ kúrò lórí ìwé náà, ó ti ṣàn sílẹ̀. Ó sáré lọ pe Mọrẹ́nikẹ́.

Ọjọ́ ọjà ni, iwájú kóòtù kún fún èèyàn. Mọrẹ́nikẹ́ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ṣí ìwé náà. Ó kà á sínú lẹ́ẹ̀kan. Ó nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kà á sókè kí gbogbo ọjà lè gbọ́: "Èmi Ọdẹ́rìnlọ ni mo fi ẹ̀tù sílẹ̀ nínú ìbọn, èmi tí mo mọ̀ pé kò yẹ. Ẹ̀bi ọmọ náà kọ́. Ọmọ dáadáa ni. Ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ pè mí nílùú, kí wọ́n máa pè mí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bá ọmọ mi wí."

Èmi náà wà níbẹ̀. Èmi tí mo pa ẹfọ̀n méjì kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná, mo dúró láàárín àwọn èèyàn, mo gbé ẹran sí èjìká. Èmi àti Ọdẹ́rìnlọ la jọ kọ́ṣẹ́ ọdẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni n kò fi kí i. Lọ́jọ́ yẹn mo fi ẹran sílẹ̀, mo rìn dé ahéré rẹ̀ létí odò, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ní, "Ọdẹ́rìnlọ, ẹ káàsán o."

Òjò ti dá. Ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé yín.